Ihò Kẹwàá

"Dókítà mẹ́tàdínlógún ló dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀ mi lánàá!"

Bándélé ló sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ Sátidé ìmọ́tótó, lórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé bàbá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, l'Óṣogbo. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè bí ẹni tó ń búra ní kóòtù, ó fi tòsì di ẹnu ṣòkòtò mú nítorí pé ẹnu ṣòkòtò náà ò pàdé mọ́.

"Mẹ́tàdínlógún! Mo kà wọ́n. N ò tíì ka àwọn nọ́ọ̀sì mọ́ ọn o. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru kan apá mi báyìí, ó ní, 'Ẹ káàárọ̀ sà,' ó kú. Wọ́n gbé èkejì wá, ìyẹn bú sẹ́kún. Ẹ̀kẹta ló láyà díẹ̀, òun ló wá jẹ́wọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló ń ṣàn lára mi. Ọ̀gá àwọn dókítà ní kí n jẹ́ káwọn bu agolo kan lọ sí Àbújá. Mo ní rárá. Ẹ̀jẹ̀ Ògúnfẹ́mi kì í sùn níta."

Phebe, ayálégbé tó ń gbá iwájú kànga, rẹ́rìn-ín títí ìgbálẹ̀ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Julianah tí wọ́n jọ ń gbálẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ oyún inú rẹ̀ ti wúwo. Ó fi ọwọ́ ti ẹ̀yìn, ó mí kanlẹ̀.

"Láńlọ́ọ̀dù, ẹ rọra o. Ẹ máa pa wá."

Ẹnu Bándélé ló ń purọ́, ikùn rẹ̀ kì í purọ́ ní tiẹ̀. Ikùn kàn ń pọ̀ sí i ni. Bó bá ń lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ti ń tọ́jú fáìlì, ikùn á ti wọlé, á ti buwọ́ lu ìwé, á ti kí ọ̀gá tán, kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Òjò kan rọ̀ lọ́dún tó kọjá, adìyẹ mẹ́fà àti ewúrẹ́ kan yà sábẹ́ rẹ̀, kò sí èyí tó tutù nínú wọn. Àdúgbò ń yìn ín. Ikùn ọlá ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní ẹni bá rí i á mọ̀ pé oúnjẹ wà nílé yẹn. Àwọn ẹbí rẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ láti ọjọ́ ìgbéyàwó pé ahun lọmọ Iléṣà tó fẹ́ yìí, pé yóò febi pa á, ikùn náà ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Ọmọ Iléṣà ọ̀hún, Ọ̀ṣunfúnkẹ́, ò rẹ́rìn-ín. Ó wà nídìí odó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó ń gún iyán, ojú rẹ̀ sì wà lára ìṣó kan tó ti bọ iná èédú. Ìṣó ti ń pọ́n.

Nílé Ògúnfẹ́mi, wọn kì í ra bẹ́líìtì tuntun. Bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló wà, awọ dúdú tó nípọn bí etí màlúù, èyí tí bàbá Bándélé fi ṣiṣẹ́ rélùwéè. Bí ikùn bá yọ tí bẹ́líìtì ò dé mọ́, wọ́n á fi ìṣó gbígbóná dá ihò kan sí i, wọ́n á gún iyán, wọ́n á pa adìyẹ, gbogbo ilé á sì máa kí onítọ̀hún pé ó kú oríire. Iyán ihò ni wọ́n ń pè é. Ihò márùn-ún ló bá bẹ́líìtì dé láti ṣọ́ọ̀bù. Bàbá dá mẹ́rin sí i. Mẹ́sàn-án.

Bàbá ò dá ìkẹwàá. Kò sẹ́ni tó ń sọ ìdí rẹ̀ nínú ilé náà.

Bẹ́líìtì wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn pálọ̀, ó fà gbọọrọ, ihò rẹ̀ tò bí ojú. Ọ̀ṣunfúnkẹ́ ti gbà tipẹ́ pé ojú ni wọ́n. Bó bá ń gbálẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, kì í kọjú sí wọn. Láàárọ̀ yẹn afẹ́fẹ́ ò fẹ́, ewé máńgòrò ò mì, ṣùgbọ́n láti ìdí odó ó ń rí i láti ojú fèrèsé pé bẹ́líìtì ń mì lọ, ó ń mì bọ̀, bí aṣọ tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ kọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn ló ti bá ọkọ rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ náà títí. Ó ní òun ò ní gbé ìṣó síná, òun ò sì ní gún iyán kankan, àfi tí Bándélé bá kọ́kọ́ lọ sí ọsibítù, kó mú ìwé wálé pé ẹ̀jẹ̀ òun ò ru. Bí ìwé bá dára, òun á fọwọ́ ara òun dá ihò náà. Bí ò bá dára, oògùn ló máa lò, gbogbo àdúgbò ì báà máa bú òun pé ọkọ òun rù.

Ìwé dé nírọ̀lẹ́ àná. Àdéhùn sì ni àdéhùn.

"Ìyá Tinú!" Bándélé ké sí i. "Ṣé ìṣó ti pọ́n?"

"Ó ń pọ́n bọ̀."

"Sọ fún wọn ohun tó wà nínú ìwé mi."

"Ẹ̀yin náà lẹ́nu, Bàbá Tinú."

Bándélé fa ìwé yọ lápò. Ìwé náà kéré, orí rẹ̀ ti ya. Ó ní dókítà tó kọ ọ́ ló ń gbọ̀n tó fi fà á ya. "Ẹ wò ó! Ẹ̀jẹ̀: àádọ́fà lórí àádọ́rin. Kò sí ọmọ ilé ìwé tó ní irú rẹ̀. Ikùn ńkọ́? Wọ́n kọ ọ́ síbí: méjìdínlọ́gbọ̀n. Íńṣì méjìdínlọ́gbọ̀n péré! Ojú yín ló ń tàn yín jẹ, ikùn mi ò pọ̀. Wọ́n wá kọ máàkì tí mo gbà sísàlẹ̀: méjìlélógóje."

"Nínú mélòó?" Phebe béèrè.

"Nínú ọgọ́rùn-ún."

Phebe tún jókòó sílẹ̀ fún ẹ̀rín.

Julianah nìkan ni ò dá sí i mọ́. "Èmi tí mo ń wá ìwé tèmi láti àná," ó ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́. "Mo fi há okùn tí a ń sá aṣọ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, mo pọnmi tán, n ò rí i mọ́. Wọ́n ní tí n ò bá mú un wá ní Mọ́ńdè, àwọn ò ní dá mi lóhùn." Ó ń gbálẹ̀ lọ, ó ń wo ilẹ̀ bí adìyẹ.

Lẹ́nu ọ̀nà, Màmá Rélùwéè, ìyá Bándélé, jókòó lórí àpótí, ó ń bó ẹ̀gúsí. Láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́, kò tíì sọ ju ọ̀rọ̀ méjì lọ. Nígbà tí ife tíì já bọ́ lọ́wọ́ òsì Bándélé láàárọ̀ tó fọ́, tí Bándélé ní ife ló ń bẹ̀rù òun, màmá kàn wo ọwọ́ náà. Ó wò ó pẹ́. Ó sì padà sídìí ẹ̀gúsí.

Ọ̀ṣunfúnkẹ́ gún iyán. Iṣu Ìmẹ̀sí-Ilé ni, ó funfun, ó ń fà. Gì, gì, gì. Lórí bẹ́ǹṣì, Bándélé ti dákẹ́ díẹ̀ kó lè mí. Iṣan kan ń ta lọ́rùn rẹ̀, ó ga bí ekòló, ó ń fò, ó ń fò. Ọ̀ṣunfúnkẹ́ gbé ọmọ odó sọ́wọ́ kan kó lè nu òógùn ojú.

Ìró náà ò dúró.

Gì, gì, gì.

Ó wo inú odó. Ó wo ọmọ odó lọ́wọ́ ara rẹ̀. Phebe ń gbálẹ̀. Kò sí ilé mìíràn tó ń gúnyán ní àdúgbò. Ó fetí sí i: ọ̀dọ̀ bẹ́ǹṣì ló ti ń wá.

"Màmá," ó rọra pe ìyá ọkọ rẹ̀, "ẹ ń gbọ́ nǹkan kan bí?"

Màmá Rélùwéè ò gbójú sókè. "Kí ni n ò ní gbọ́?"

"Ẹ̀yin náà ò sì sọ̀rọ̀?"

Màmá bó ẹ̀gúsí mẹ́ta. "Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ," ó ní, ojú rẹ̀ sì lọ sọ́nà pálọ̀, sára bẹ́líìtì. "Bàtà ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wá bá mi, Ìyá Tinú. Lórí ojú irin níbẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó gbé ẹni tó ni ín dé. Èmi ni mo gún iyán ihò kẹsàn-án."

Ọ̀ṣunfúnkẹ́ dúró síbẹ̀, ọmọ odó lọ́wọ́ rẹ̀, iyán ń tutù. Ó fi aṣọ mú ìṣó nínú iná, ó jù ú sínú abọ́ omi. Omi ké ṣìì. Èéfín kékeré kan dìde, ó sì gba ojú fèrèsé wọ pálọ̀ lọ bí ẹni tó mọ̀nà.

"Kí lo ṣe yẹn?" Bándélé ti gbọ́ ọ.

"Mo fẹ́ kí Kàósárà bá mi wo ìwé náà ná."

"Kàósárà? Ọmọ kékeré yẹn?"

"Nọ́ọ̀sì ni, ẹ̀yin náà mọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ yín bá dára tó bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó wá kúnlẹ̀ fún un. Yóò di méjìdínlógún."

Phebe ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀! Ọmọ Iléṣà, o ṣeun!"

Bándélé ò rí ibi yà sí. Ìwọ̀n aago mẹ́sàn-án ni, wọn kì í rìn lójú títì ṣáájú mẹ́wàá lọ́jọ́ ìmọ́tótó, ilé Kàósárà sì kọjú sí tiwọn. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kan, ó dé. Ó so híjáàbù rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọrùn nítorí iṣẹ́ gọ́tà tó ń ṣe, ó gbé báàgì iṣẹ́ rẹ̀ há abíyá.

"Sàláàmù àlékun o, Màmá. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú jókòó." Ó wo ikùn Bándélé, kò sì yìn ín. "Wọ́n ní ihò tún ti fẹ́ lé."

"Ìkẹwàá!" Bándélé ní. "Ìdá mẹ́wàá nínú mẹ́wàá."

"Ẹ bá mi mú bẹ́líìtì náà wá."

Ọ̀ṣunfúnkẹ́ ló lọ mú un. Awọ náà gbóná lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ oòrùn kì í dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn. Ó fi ìka méjì gbé e jáde bí ẹni gbé ejò. Kàósárà fa téèpù àwọn télọ̀ yọ nínú báàgì, ó tẹ́ ẹ lé bẹ́líìtì lórí láti ibi irin.

"Ihò karùn-ún, íńṣì ogójì. Ọkùnrin tí ìbàdí rẹ̀ bá ti kọjá ogójì, a máa ń pè é jókòó ká bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ẹni tó ṣe bẹ́líìtì yìí mọ ibi tó yẹ kéèyàn dúró." Ó fi ìka tọ awọ náà lọ. "Ihò kẹsàn-án, méjìdínláàádọ́ta. Ẹ wá fẹ́ kọjá ibẹ̀."

"Ọ̀rá lásán ni, ọ̀rá ò ṣe nǹkan!" Bándélé fọwọ́ gbá ikùn, ikùn mì títí ó fi dé etí rẹ̀. "Ó kàn jókòó síbẹ̀ jẹ́jẹ́ ni."

"Ẹ̀gbọ́n, kò jókòó jẹ́jẹ́. Èyí tó wà lábẹ́ awọ tẹ́ ẹ lè fọwọ́ fún, ìyẹn ṣì rọrùn. Èyí tó wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, tó lọ́ mọ́ ìfun, tó bo ẹ̀dọ̀, níbi tójú ò dé, òun kì í sùn. Ó dà bí ààrò tí wọ́n dáná sí nínú yàrá tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa. Ó ń rú èéfín tọ̀sán tòru, ẹ̀jẹ̀ sì ń gbé èéfín náà kiri. Gbogbo iṣan tí ẹ̀jẹ̀ bá gbà kọjá ni inú rẹ̀ ń wú, tó ń le, tó ń há. Bó bá ti há tán, ọkàn á wá máa fi agbára ti ẹ̀jẹ̀ kọjá. Ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn." Ó wò yíká. "Ẹ wo hóòsì tó wà lẹ́bàá kànga yẹn. Nígbà tó wà ní tuntun, ṣé kì í tẹ̀?"

"A máa ń ká a bí okùn," Julianah ní.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò."

Ọ̀ṣunfúnkẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó mú hóòsì tí oòrùn ti ń pa láti ọdún méjì, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ó dún kà. Ó là lójú méjì, omi dúdú kan ṣoṣo yọ lára rẹ̀, ó kán sí i lẹ́sẹ̀. Phebe tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ gbé ìgbálẹ̀ mọ́ àyà.

"Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run," Màmá Rélùwéè sọ ọ́ fún ẹ̀gúsí.

"Hóòsì lẹ fi ń dẹ́rù bà mí?" Bándélé dìde. "Mo ní ìwé! Ìyá Tinú, gba ìwé mi fún un. Kó ka máàkì mi sókè."

Kàósárà gba ìwé náà. Ó kà á. Ó tún un kà. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ta ló ni èyí?"

"Bàbá Tinú ni," Ọ̀ṣunfúnkẹ́ dáhùn.

"Màmá Tinú, ẹni tó ni ìwé yìí, ọkàn méjì ló ń lù nínú rẹ̀."

Gbogbo àgbàlá dákẹ́. Àwọn adìyẹ pàápàá dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà, ìró yẹn tún jáde kedere, gì, gì, gì, kò sì sí ẹni tí ò gbọ́ ọ. Igbá ẹ̀gúsí dà nù lórí itan Màmá Rélùwéè.

"Mo mọ̀," màmá ní, ohùn rẹ̀ kéré. "Mo ti ń gbọ́ èkejì láti oṣù mẹ́ta. Mo mọ ẹni tó ni ín."

Ọ̀ṣunfúnkẹ́ wo bẹ́líìtì tó wà nílẹ̀. Ó tò síbẹ̀, ojú mẹ́sàn-án, gbogbo wọn ń wo Bándélé.

Ṣùgbọ́n Bándélé, ìyìn ló rò pé wọ́n ń yin òun. Ó yọ ayọ̀ tó lè gbé ilé wó. "Ẹ ò gbọ́? Ọkàn méjì! Mo ti ń sọ fún yín pé n kì í ṣe èèyàn kan ṣoṣo! Ọ̀kan fún ọ́fíìsì, ọ̀kan fún ilé. Bí ọ̀kan bá lọ sí líìfù, èkejì á máa ṣiṣẹ́. Màmá, ẹ̀yin lẹ bí mi o, ẹ ò sì sọ fún mi!"

"Ọ̀kan nínú wọn," Kàósárà ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ìka rẹ̀ wà lórí ìwé, "ń lù nígbà méjìlélógóje ní ìṣẹ́jú kan."

"Máàkì mi nìyẹn!"

"Méjìdínlọ́gbọ̀n yìí, kì í ṣe íńṣì. Ọ̀sẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n, ìwé tẹ́ ẹ mú wá ní ẹ lóyún ọ̀sẹ̀ méjìdínlọ́gbọ̀n, ọmọ inú yín sì ń ṣe dáadáa."

Ẹ̀rín Phebe bú jáde, ó ṣubú sórí ààtàn tó ti fi wákàtí méjì gbá jọ. Àmọ́ Julianah ti ń tú etí ìró rẹ̀. Ó mú ìrépé ìwé kan jáde, èyí tó gbá rí lẹ́nu gọ́tà láàárọ̀ tí kò mọ ibi tí ìyókù wà. Ó gbé e kan orí ìwé tó wà lọ́wọ́ Kàósárà. Ibi tí méjèèjì ti ya bá ara wọn mu. Lórí ìrépé náà ni wọ́n ti kọ ọ́ gàdàgbà: JULIANAH.

"Láńlọ́ọ̀dù," Julianah ní, kò tilẹ̀ pariwo, "ọmọ mi lẹ gbé lọ́wọ́ kiri láti àná yìí?"

"Afẹ́fẹ́..." Bándélé bẹ̀rẹ̀. "Afẹ́fẹ́ àwọn dókítà yẹn le púpọ̀, wọ́n á ti pààrọ̀..."

"Ẹ ò dé ọsibítù." Ọ̀ṣunfúnkẹ́ ló sọ ọ́. Kò bínú. Bó bá bínú ni ì bá sàn fún Bándélé. "Ẹ̀gbẹ́ kànga lẹ dé."

Irọ́ tó bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a. Èyí ò lọ ju láti kànga dé bẹ́ǹṣì. Kàósárà ti ṣí báàgì rẹ̀, ó fa ẹ̀rọ yọ, ó ń tú aṣọ tí wọ́n fi ń di apá. "Kò burú. Ojú ò gbọdọ̀ tì yín. Ẹ fún mi ní apá yín, ẹ̀gbọ́n. Apá òsì."

Bándélé wo apá òsì rẹ̀. Ó wò ó bí ẹni tó ní kí ọmọ ọ̀dọ̀ dìde, tí ọmọ ò dìde. Ìka ibẹ̀ ti tú kúrò lẹ́nu ṣòkòtò láìsọ fún un, ṣòkòtò ti ń rọ̀ lọ sílẹ̀. Ọ̀ṣunfúnkẹ́ rí ojú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sí ẹ̀fẹ̀ kankan níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbá ṣòkòtò mú, ó yí padà, ó sì sá lọ.

Ha, ó sá! Ikùn ló kọ́kọ́ dójú títì, ó yà sọ́tùn-ún, Bándélé tẹ̀ lé e. Ó fo gọ́tà tí ọ̀dọ́ ò lè fò. Adìyẹ fọ́n ká, ajá méjì yà fún un, ó ki orí bọ ọ̀nà ojú irin, ó ń lọ gbì gbì gbì, ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ sì bá ìró ọjọ́ náà mu wẹ́kú.

"Láńlọ́ọ̀dù aboyún!" Phebe ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ má sáré, ọmọ inú yín!"

Ọ̀ṣunfúnkẹ́ ò gbọ́ ẹ̀rín náà. Ó ń wo ilẹ̀ lẹ́nu gọ́tà. Sálúbàtà kan wà níbẹ̀, ó dojú délẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ti ẹsẹ̀ òsì ni.

Ó gbójú sókè. Lọ́ọ̀ọ́kán, ọkọ rẹ̀ ń sáré lórí òkúta wẹ́wẹ́ ojú irin àti àfọ́kù ìgò, ẹsẹ̀ òsì lásán, kò tiro, kò wo ilẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀, Màmá Rélùwéè ti dìde. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, àtẹ́lẹwọ́ sókè, bí ẹni tí wọ́n ti gbé nǹkan bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́ rí.

Ọ̀ṣunfúnkẹ́ ò gbé e lé e lọ́wọ́. Ó di sálúbàtà náà mú, ó so ìró rẹ̀ le, ó ní, "Kàósárà, gbé báàgì rẹ," ó sì fo gọ́tà.

"Bàbá Tinú! Bàtà yín! Bàtà yín ti bọ́!"

Bándélé ò bojú wẹ̀yìn. Ohùn rẹ̀ ń bọ̀ láti ojú irin, ó ń dùn bí i ti ìgbà tó ń sọ ti àwọn dókítà:

"Irọ́ ni! Méjèèjì wà lẹ́sẹ̀ mi!"